Ihò Inú VLC Tí Fáìlì Subtitle Lè Gbà Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń tún ṣe. Mo kọ ìdáhùn wọn síbí kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Kí ni VLC, ta ló sì ni ín?

VLC ni áàpù tí àmì rẹ̀ jẹ́ ṣóńṣó aláwọ̀ ọsàn àti funfun, irú èyí tí wọ́n máa ń tò sójú títì tí wọ́n bá ń ṣe ọ̀nà lọ́wọ́. VideoLAN, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé tí kì í wá èrè, ló ń ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Nígbà tó di 2001, wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà kankan nínú rẹ̀.

Ohun tó mú kí àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé agbára káká ni ẹ fi máa rí fáìlì tí kò ní ṣí. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń wá. Irú fáìlì kọ̀ọ̀kan tí VLC mọ̀ ọ́n kà jẹ́ ilẹ̀kùn kan, ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá sì pọ̀, iṣẹ́ pọ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2017?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 2017, Check Point, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan láti Ísírẹ́lì, kéde pé àwọn rí àlébù nínú áàpù fíìmù mẹ́rin: VLC, Kodi, Popcorn Time àti Stremio. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fáìlì subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù, ni olè lè bá wọlé. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní tẹ líǹkì kankan, kò sì ní fi ọwọ́ sí nǹkan kan. Kí áàpù ṣáà ti ka subtitle náà. Ìṣirò Check Point ni pé ẹ̀rọ tó wà nínú ewu tó mílíọ̀nù 200.

Ọ̀nà tí ewu náà gbà wọlé kò dọ́gba. Ní ti Kodi, fáìlì zip tí subtitle wà nínú rẹ̀ lè darí áàpù láti tú ẹrù sí ibi tí kò yẹ. Ní ti Popcorn Time, subtitle lè gbé JavaScript, èdè kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, wọlé. Ti VLC ló jẹ́ buffer overflow, òun ni ọ̀rọ̀ mi máa dá lé.

Kí ni buffer overflow?

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí télọ̀ fi ń kọ ìwọ̀n. Ó ti fa ìlà mẹ́fà sílẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: èjìká, àyà, ìbàdí, apá, ọrùn, gígùn. Lábẹ́ ìlà mẹ́fà yẹn ló ti kọ iṣẹ́ tó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí: «Tó o bá rán an tán, gbé e lọ sílé Ìyá Àlàbí.» Oníbàárà kan wá dé, ó ń pe ìwọ̀n, télọ̀ ń kọ ọ́, kò sì ka iye tí ẹni náà ti pè. Ìlà kẹfà kún, ó kọ ìkeje, ó kọ ìkẹjọ. Ìkẹjọ ti bo iṣẹ́ tó rán ọmọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Tí oníbàárà yẹn bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, ohun tó máa pè sí ìlà kẹjọ ni: «Gbé gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ wá sílé mi.» Ọmọ iṣẹ́ á dé, á kà á, á sì ṣe é. Ìwé ọ̀gá rẹ̀ ni, ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá rẹ̀ náà ni.

Mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ni ìwé yẹn. Ìlà mẹ́fà ni buffer, ìyẹn àyè tí áàpù yà sọ́tọ̀ láti gba nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀. Tí ohun tó wọlé bá ju àyè lọ, tí áàpù kò sì wọ̀n ọ́n, ó di àkúnwọ́sílẹ̀. Àkúnwọ́sílẹ̀ yẹn kì í ṣòfò sí afẹ́fẹ́, orí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́mórì ló máa ń dà lé. Nígbà mìíràn ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni àdírẹ́sì ibi tí áàpù máa lọ lẹ́yìn iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó bá yí àdírẹ́sì yẹn padà ti gba ìdarí.

Ọ̀rọ̀ lásán kọ́ ni subtitle ni? Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́?

Ẹ ṣí fáìlì srt èyíkéyìí nínú Notepad. Ohun tí ẹ máa rí máa jọ báyìí:

1
00:00:12,000 --> 00:00:15,500
Bọ̀dá, ẹ jókòó.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ni. Lójú VLC, iṣẹ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ ya nọ́ńbà sọ́tọ̀, kó ka aago méjèèjì, kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kó sì tún mọ̀ bóyá wọ́n ní kó kọ ọ́ ní pupa tàbí kó gbé e sí òkè. Ẹni tó kọ fáìlì náà ló ń sọ, VLC ló ń gbọ́. Ẹni tó kọ ọ́ yẹn, ẹ kò mọ̀ ọ́n rí.

Check Point ka irú fáìlì subtitle tó lé ní 25 tó wà káàkiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ààbò ti ń fura sí PDF àti Word látọjọ́ pípẹ́. Subtitle ni gbogbo èèyàn fojú ọmọ ilé wò.

Kí ni CVE tí wọ́n máa ń kọ síwájú nọ́ńbà?

Orúkọ ìdánimọ̀ ni. Láti 1999 ni wọ́n ti ń fún àlébù ààbò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó má bàa sí ìdàrúdàpọ̀ nígbà tí èèyàn púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ti VLC ní 2017 jẹ́ mẹ́rin: CVE-2017-8310, 8311, 8312 àti 8313. Nínú mẹ́ta, VLC ń ka ohun tó wà lẹ́yìn odi àyè tirẹ̀. Nínú 8311, ó ń kọ nǹkan sẹ́yìn odi. Èyí ló burú jù.

Ibo gan-an ni àṣìṣe náà wà nínú kóòdù?

Nínú èdè C tí wọ́n fi kọ VLC, ọ̀rọ̀ kì í gbé gígùn ara rẹ̀ dání. Báìtì òdo kan tó wà lẹ́yìn lẹ́tà ìkẹyìn ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kóòdù tó ń kàwé á máa rìn láti lẹ́tà dé lẹ́tà títí tó fi máa kan òdo yẹn, ibẹ̀ lá ti dúró.

ParseJSS ni orúkọ apá tó ń ka irú subtitle kan tí wọ́n ń pè ní JACOsub. Ó máa ń ka iye lẹ́tà inú ìlà kan dé ibi òdo, á sì gba àyè mẹ́mórì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iye yẹn. Lẹ́yìn èyí lá máa da lẹ́tà kọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ JACOsub ní àwọn àmì àkànṣe, tí ParseJSS bá sì kan irú àmì bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń fò ó. Ibi ìfò yìí ni ọ̀ràn wà. Tí wọ́n bá to ìlà náà lọ́nà kan, ẹsẹ̀ tó gbé láti fo àmì náà á gbé e fo òdo pẹ̀lú.

Nígbà tó ti kọjá òdo, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Á máa da ohun yòówù tó bá wà níwájú kọ, títí á fi ṣèèṣì kan òdo mìíràn. Àyè tó ń kọ ọ́ sí kò sì ní àlékún kankan, rẹ́gí ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Lẹ́tà kan péré ló fò ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ló fa gbogbo èyí.

Mi ò lo JACOsub rí láyé mi. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. JACOsub ti pẹ́, ayé kọ̀ǹpútà Amiga ló ti wá, bóyá ni ẹ fi máa rí ẹni tó ń lò ó lónìí. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń kà á ṣì wà nínú VLC tí ẹ fi ń wo fíìmù òní.

Kókó tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ rèé: VLC kì í fi ẹ̀yìn orúkọ fáìlì nìkan mọ irú subtitle tó jẹ́. Ó máa ń ka àwọn ìlà àkọ́kọ́, á fi wọ́n mọ irú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, fáìlì tí wọ́n pè ní srt lè jẹ́ JACOsub nínú, ìwọ̀n tí ẹ bá sì fi orúkọ wọ̀n ọ́n kò ní gbà yín.

Ta ló máa wá fún mi ní subtitle burúkú? Mi ò kí ń wá a kiri.

Ẹ lè má wá a, kó wá yín. Tí fíìmù àti subtitle bá jọ wà nínú fódà kan, tí orúkọ wọn sì bára mu, VLC á gbé subtitle náà láìbéèrè. Ẹ wo bí a ṣe ń gba fíìmù láàárín ara wa: ọ̀rẹ́ gbé flash wá, a kó gbogbo fódà náà bó ṣe wà, ta ló ń yẹ inú rẹ̀ wò? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fáìlì tí wọ́n fi sí gúrúpù Telegram.

Ọ̀nà kejì ni ibi ìkó-subtitle-sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn áàpù kan máa ń lọ mú subtitle wá fúnra wọn, èyí tí ibùdó náà bá sì fi sípò kìíní ni wọ́n máa ń mú. Check Point fi hàn pé àwọn lè yí ètò ipò yẹn lórí OpenSubtitles.org po, kí subtitle tí àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe lè bọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ náà wá kọjá kí èèyàn ṣọ́ra fún ojúlé burúkú, nítorí ojúlé rere ni wọ́n lò.

Ṣé antivirus mi ò ní rí i?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Antivirus máa ń wá ojú tó ti mọ̀ rí. Fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré tí kò ní ètò kankan nínú kò jọ olè lójú rẹ̀. Ẹ ní in, ó dára, àmọ́ kò lè dí ihò tó wà nínú VLC. VideoLAN nìkan ló lè dí i, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ yín.

Ẹ̀dà wo ló ti ní àtúnṣe, báwo ni mo ṣe máa mọ tèmi?

Wọ́n ti dí ihò 2017 yẹn nínú VLC 2.2.5.1, oṣù kan náà tí ìròyìn rẹ̀ jáde. Ẹ̀dà 3.0 sí òkè ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àlébù mìíràn ti jáde látìgbà náà. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n rí buffer overflow mìíràn, CVE-2020-13428, tí wọ́n dí nínú 3.0.11 ní 2020. Ẹ má wá nọ́ńbà kan dúró tì. Èyí tó bá jẹ́ tuntun jù lórí videolan.org ni kẹ́ ẹ lò.

Láti mọ tiyín lórí Windows, ẹ ṣí VLC, ẹ tẹ Help, kẹ́ ẹ tẹ About. Nọ́ńbà náà á hàn kedere. Check for Updates wà nínú Help níbẹ̀ náà. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù oníbàárà kan báyìí tí mo bá 2.1 lórí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ló fi sí i, láti inú fódà kan tó ti ń gbé kiri lórí flash fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń wo fíìmù lórí rẹ̀, ó sì tún ń fi ẹ̀rọ yẹn kan náà wọ báńkì.

Dátà wọ́n. Ṣé mo lè gba VLC tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi?

Ẹ lè gbà á. Nǹkan bíi 40 MB ni lórí Windows, ẹni kan lè dáńlóòdù rẹ̀ kí gbogbo ilé lò ó. Kẹ́ ẹ kàn rí i dájú pé ojúlówó ni, nítorí ayédèrú VLC pọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí fáìlì náà, ẹ mú Properties, kẹ́ ẹ lọ sí Digital Signatures. Orúkọ VideoLAN gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí ojú ewé yẹn kò bá sí rárá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ṣí.

Fóònù ni mo fi ń wo fíìmù. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ti fóònù gan-an ló kọ́kọ́ dẹ́rù bá ayé. Ní oṣù Keje 2015, Joshua Drake ti ilé-iṣẹ́ Zimperium fi àlébù hàn nínú Stagefright, apá tí Android fi ń ka fídíò àti orin. Ìṣirò wọn ni pé fóònù tó tó mílíọ̀nù 950 ló wà nínú ewu, láti Android 2.2 lọ sókè. Nọ́ńbà fóònù yín nìkan ni olè nílò. Á fi fídíò ránṣẹ́ nípasẹ̀ MMS, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè gbé àwòrán tàbí fídíò, fóònù á sì ti máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan kan wọlé.

Àṣìṣe tiwọn wà nínú ìṣirò. Ẹ mọ bí máìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe máa ń padà sí 000000 tó bá ti kọjá 999999. Fáìlì MP4 burúkú máa ń pe iye tó tóbi gan-an, ìṣirò á yí po, èsì rẹ̀ á wá kéré. Android á gba àyè kékeré, ẹrù ńlá ló sì máa dà sínú rẹ̀.

Ohun rere tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ pọ̀. Láti oṣù Kẹjọ 2015 ni Google ti ń gbé àtúnṣe ààbò Android jáde lóṣooṣù. Ní Android 7.0, wọ́n gé iṣẹ́ fídíò sí wẹ́wẹ́ kí ẹni tó bá wọ yàrá kan má lè dé gbogbo ilé. Láti Android 10, wọ́n lè fi àtúnṣe apá yìí ránṣẹ́ nípasẹ̀ Google Play láìdúró de ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù. Tí fóònù yín kò bá rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ gbà mọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yọ áàpù báńkì kúrò lórí rẹ̀.

Wọ́n pariwo ní 2019 pé kí gbogbo èèyàn yọ VLC kúrò. Ṣé òótọ́ ni?

Ariwo náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Keje 2019, CERT-Bund, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ti ìjọba Jámánì, gbé ìkìlọ̀ jáde nípa CVE-2019-13615. NVD, àkójọ àlébù ti ìjọba Amẹ́ríkà, sì kọ́kọ́ fún ewu rẹ̀ ní 9.8 nínú 10. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n ní kí aráyé sá fún VLC.

Nígbà tí VideoLAN yẹ̀ ẹ́ wò, àlébù náà kò sí nínú kóòdù VLC fúnra rẹ̀. Inú libebml ló wà, ohun èlò kan tí ẹlòmíràn ń ṣe tí VLC fi ń ka fáìlì MKV. Wọ́n sì ti tún un ṣe ní ohun tó ju oṣù 16 lọ ṣáájú. Láti 3.0.3 ni VLC ti ń gbé libebml tó dára dání. Ẹni tó fi ẹ̀sùn sùn ń lo Ubuntu 18.04 tí libebml rẹ̀ ti gbó. NVD wá gé 9.8 yẹn sí 5.5.

Inú mi kò dùn sí bí wọ́n ṣe fi ariwo yẹn ba àwọn aṣiṣẹ́-láìgbowó lórúkọ jẹ́. Ẹni tó gbọ́ ariwo tó yọ VLC lè ti lọ gbé áàpù tí kò sẹ́ni tó ń bójú tó o dípò rẹ̀.

Wọ́n ní Windows àti Android ti ní ààbò sí buffer overflow. Kí ló wá kù?

Ààbò wà lóòótọ́. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ohun tó wà ní àyè ẹrù ṣiṣẹ́ bí àṣẹ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní ASLR, máa ń da ipò nǹkan rú nínú mẹ́mórì kí olè má mọ ibi tí ohun tó ń wá wà, bí ẹni pé télọ̀ ń yí ojú ewé ìwé rẹ̀ padà ní àràárọ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo àwọn CVE mẹ́ta tó jẹ́ kíkà nìkan. Ẹni tó bá lè ka ohun tó wà lẹ́yìn odi lè rí àdírẹ́sì kan níbẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo sì lè tú àṣírí ibi tí gbogbo nǹkan wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò ìkọ̀wé á wá wúlò fún un. Ihò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ bíi pé kò le, tí wọ́n bá so pọ̀, wọ́n di ojú ọ̀nà.

Kí ló dé tí àṣìṣe yìí kò tán láti ọjọ́ yìí?

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1988, kòkòrò tí Robert Morris tú sílẹ̀ lo buffer overflow láti wọ inú kọ̀ǹpútà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà yẹn. C kì í yẹ ìwọ̀n wò fún ẹni tó ń kọ ọ́, òun ni wọ́n sì fi kọ ọ̀pọ̀ kóòdù fídíò nítorí pé ó yára. Àwọn èdè bíi Rust máa ń kọ̀ jálẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ kọ nǹkan kọjá àyè, ṣùgbọ́n kóòdù tí wọ́n fi ohun tó lé ní ogún ọdún kọ kò ṣeé tún kọ lóru ọjọ́ kan.

Mò ń kọ́ C ní yunifásítì. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Ẹ fi -fsanitize=address kún àṣẹ tí ẹ fi ń ṣe kóòdù yín ní GCC tàbí Clang. Ní ìṣẹ́jú tí kóòdù bá tẹ ẹsẹ̀ kọjá odi, á dúró, á sì sọ ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé AFL tàbí libFuzzer tì í, kí wọ́n máa da fáìlì jákujàku sí i lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Níbikíbi tí kóòdù yín bá ti ń fo lẹ́tà, ẹ béèrè pé: tí òdo bá ló kàn ńkọ́?

Kóòdù VLC wà ní gbangba, ẹ lè kà á. Tí ẹ bá rí nǹkan, VideoLAN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé sí níkọ̀kọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ síta, kí àtúnṣe lè ṣáájú olè. Owó sì ti wà nídìí rẹ̀ rí: ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù san owó fún àwọn tó rí ihò nínú VLC lábẹ́ ètò EU-FOSSA, ọ̀pọ̀ àtúnṣe tó jáde nínú 3.0.7 ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn sì ti ibẹ̀ wá.